Ojú Tí Bàbá Mi So Mọ́ Okùn

Ẹnu mi ló kó bá mi lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo gbé fóònù, mo pe bàbá mi, mo ní, "Bàbá, ojú yín ti rí i!" kí ẹnikẹ́ni tó bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò.

Ojú tí mò ń wí kì í ṣe ti orí o. Bọ́ọ̀lù dígí ni wọ́n, ọgọ́ta lórí wáyà gígùn kan, nísàlẹ̀ òkun níbi tí oòrùn kò dé. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wọ́n ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ oníṣẹ́ wáyà níbi iṣẹ́ wa. Bí òkú ìràwọ̀ méjì bá forí sọ ara wọn lókèèrè réré, òfurufú fúnra rẹ̀ á mì. Àwọn ẹ̀rọ kan níbòmíràn a máa mọ ìmìtìtì náà lára, wọn a sì fi àkókò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Iṣẹ́ tiwa ni láti wò ó bóyá niutirínò kankan bá a wá. Èérún tín-ín-tín ni niutirínò, ó lè gba inú ayé kọjá láìfara kan nǹkan kan. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á kọ lu omi, iná búlúù á kọ mànà, àwọn ojú dígí yẹn á sì rí i. Àwa kò tíì rí èyí tó bá ìmìtìtì wá rí.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa pa wáyà bàbá mi. Ó ti gbó, tuntun ti wà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi fi ń pè mí lójoojúmọ́: "Ìyá mi, ṣé ojú mi ò tíì rí nǹkan?" Mo fẹ́ kó rí nǹkan débi pé mo ti ń bá òkun bínú.

Nígbà tí ìròyìn dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ yẹn pé ìràwọ̀ méjì ti kọ lu ara wọn, mo wo inú àkọsílẹ̀ wa. Iná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ojú kẹtàlélógún lórí wáyà bàbá mi ló sì rí i. Mo kà á: ìṣẹ́jú-àáyá irínwó ó lé ọgọ́rin ti kọjá kí iná náà tó kọ. Òfin wa ni pé kí iná bọ́ sáàárín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú ìmìtìtì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó bá ti bọ́ síta kì í ṣe tiwa. A ti ṣe òfin náà kí a tó wo ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má baà nà án nítorí ìfẹ́. Mo pariwo. Mo pe bàbá mi.

Ọ̀gá wa obìnrin, ẹni tí a ń pè ní Ẹ-Tún-Un-Kà lẹ́yìn rẹ̀, gbọ́ ariwo náà, ó sì wá.

"Ìgbà wo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"

"Ìgbà tí ìròyìn dé, Mà."

Ó kàn wò mí. Mo tún un kà. Ìgbà tí òfurufú mì gan-an ló yẹ kí n ti kà á, ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélọ́gbọ̀n sì ni ìròyìn náà fi wà lọ́nà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá ló jẹ́.

"Méjìlá péré, Mà! Ẹni tó bá ń wá gíláàsì ojú ẹ̀ ò tíì ní rí i láàárín ìyẹn!"

"Tó bá jẹ́ wáyà ẹlòmíì ńkọ́, ṣé wàá máa bẹ̀ mí báyìí?"

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Máa lọ bá Bàbá. Má fi fóònù sọ ọ́ o."

Nínú ọkọ̀, mo ń ro irọ́. Lọ́la wọ́n á pa wáyà náà, ta ló máa wá sọ fún un? Ṣùgbọ́n bí mo ti sọ̀ kalẹ̀, onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa kígbe pé, "Ẹ kú oríire o!" Bàbá ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò.

Mo bá a lórí àga, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, aṣọ náà sì ti há a lábẹ́ abíyá. Irọ́ tí mo ti tò sílẹ̀ sá lọ.

"Bàbá, mo ṣì í kà ni. Ó fi ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá bọ́ síta. Ẹ má bínú." Ẹkún sì gbà mí lẹ́nu.

Bàbá béèrè pé, "Ojú wo ló rí i?"

"Kẹtàlélógún."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ìyẹn kí n tó so ó. Rọ́bà ẹ̀ ò jókòó dáadáa. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ń bú mi pé mò ń fi àkókò òun ṣòfò, mo ní kó máa bú mi lọ." Ó nu ojú mi pẹ̀lú apá aṣọ náà. "Ṣé o rò pé ìta lo ti kó àìlèparọ́ yìí wálé ni?"

Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ, Bàbá?"

"Èèyàn mẹ́fà ni mo sọ fún."

Mo di apá rẹ̀ mú, a sọdá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Bàbá na àyà. "Kì í ṣe òun mọ́ o. Ọmọ mi tún un kà."

Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ tó fi ń gẹrun. "Ọdún mọ́kànlá, Bàbá, àwọn ojú yẹn ò sì rí nǹkan kan?"

"Wọn ò rí nǹkan kan," ni bàbá mi wí. "Àmọ́ wọn ò sùn rí."

Ó fà mí lọ́wọ́. Ó ku èèyàn márùn-ún.