Ẹni Tó Kù Nínú Yàrá Òtútù

Kíákíá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ẹja dídì ń pe ọkùnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn. Òun ló ṣe èyí tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá òtútù. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á tẹ orúkọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, á tún tẹ̀ ẹ́ tó bá ń jáde. Bí kò bá ti sí orúkọ kankan nínú ètò mọ́, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀, iná á sì kú.

Lísìtì, irú àkójọ kan nínú kọ̀ǹpútà, ló kọ́kọ́ fi kó orúkọ jọ. Lísìtì kì í dá nǹkan padà, ohun tó o bá fún un ló ń gbà, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kan wá fi ìbọ̀wọ́ tẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó jáde lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ò tì, ẹja rà. Máníjà sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Kíákíá. Ló bá lo sẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò bá a wí: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Àmọ́ ta ní jẹ́ pe ìyálọ́mọ lórúkọ níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n Kíákíá obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀; Ìyá Ìbejì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí lójú ẹ̀rọ. Wọ́n wá gba obìnrin tuntun kan tí òun náà bí ìbejì. Ó rí orúkọ náà, Ìyá Ìbejì, lójú ẹ̀rọ, ó rò pé tòun ni, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kíákíá pàdé obìnrin tuntun náà tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ní ó ṣì ń to páálí lọ́wọ́ nínú yàrá. Kíákíá wo ojú ẹ̀rọ: kò sẹ́nì kankan nínú. Àwọn méjì ti wọlé, sẹ́ẹ̀tì rí ẹyọ kan. Ẹnì kan jáde, ó pa orúkọ náà rẹ́. Ilẹ̀kùn ti ti ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ṣọ́ rọra wo ojú ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ tiyín ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ló ń pa. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀ṣọ́ rán an létí pé Kíákíá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ẹnu èèyàn lọ. Kíákíá já kọ́kọ́rọ́ gbà, ṣùgbọ́n ìkánjú ò jẹ́ kó lè kì í bọ ihò. Ẹ̀ṣọ́ ló bá a ṣí i.

Inú ṣókùnkùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ètè rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ ti bó níbi tó ti ń lu irin. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní:

"Mi ò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Mo ní àbúrò mi ló ṣe ilẹ̀kùn yìí, ó mọ̀ pé mo wà nínú."

Kíákíá sunkún bí ọmọdé.

Ó ti fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀ báyìí, sẹ́ẹ̀tì ò lè ka èèyàn méjì sí ọ̀kan mọ́. Ètò náà dáa. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wọlé, Kíákíá á gbé àga wá, á jókòó, á ki ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan bọ ẹnu ilẹ̀kùn títí obìnrin náà yóò fi jáde. Máníjà ní ẹja á rà. Kíákíá ní kó rà.