Abẹ́rẹ́ Géèjì àti Ẹnu Ìyàwó

Ọwọ́ọ̀gbọ̀n ni wọ́n ń pe bàbá náà láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀ fún àwọn ọ̀gá ńláńlá, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá tó bí i sọ ọ́ lọ. Ẹni bá kí i pé ẹ káàárọ̀ ti kó sí i: kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ pé ọwọ́ bàbá náà kì í gbọ̀n lórí ìdarí ọkọ̀, pé omi kò dà rí nínú ife ọ̀gá kankan tí Ọwọ́ọ̀gbọ̀n bá ń gbé lọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ògbólógbòó ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láàárọ̀, ó ká a lára bí ẹni tí wọ́n bú ní gbangba. Yóò yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ́ńjìnnì á máa hú bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kò ní gbà. Mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó fi pọ́ǹpù epo tuntun sí ọkọ̀ náà láìpẹ́, kàn ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, arúgbó ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Arúgbó wo? Nínú èmi àti ẹ̀, ta ni arúgbó?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yá géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára epo, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbà àfi bí epo bá fi agbára wọ ẹ́ńjìnnì. Bí agbára náà bá ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkọ̀, ibì kan ló ń gbà lọ. Ó so géèjì mọ́ ọ̀pá epo, ó ṣí kọ́kọ́rọ́ kí pọ́ǹpù ti epo wá, ó tún pa á. Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun ka abẹ́rẹ́.

"Ojú yín ńkọ́, Bàbá?"

"Nọ́ńbà bíńtín ni wọ́n kọ sí i. Àwọn tó ń ṣe géèjì lóde òní, ahun ni wọ́n."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó wà lókè."

Wọ́n dúró díẹ̀. "Báyìí ńkọ́?"

"Kò mì rárá."

Inú Ọwọ́ọ̀gbọ̀n dùn pé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ òun kò ní àbùkù. Ó fi àkísà bo bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n fi ń tú epo inú géèjì sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Epo tó yẹ kó tú yàà kàn sun tótó bí itọ́ ọmọ ọwọ́: agbára rẹ̀ ti lọ.

Ó yíjú sí Ìyá. "Kí lo ní abẹ́rẹ́ wí?"

"Mo ní kò mì."

Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá kò mọ géèjì kà ni. Ta ni kò mọ̀ ọ́n kà? Nọ́ọ̀sì tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ka ìlà ara sírínjì nílé ìwòsàn?

Kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó tún ṣí kọ́kọ́rọ́, ó pa á, kíá ló fi ẹ̀mú fún rọ́bà tó ti inú táǹkì wá, kí epo má lè padà síbẹ̀. Ó ní sùúrù, ó tẹ bọ́tìnnì. Epo tú sí i lọ́wọ́ yàà! Ó ti yé e. Inú táǹkì ni epo ń padà sí. Ilẹ̀kùn kékeré inú pọ́ǹpù, tó yẹ kó dènà rẹ̀, kò tì mọ́.

Nínú pọ́ǹpù tuntun kẹ̀?

Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn, ó ṣí ìdérí táǹkì, ó fa pọ́ǹpù jáde. Ìka rẹ̀ rí i kí ojú rẹ̀ tó rí i: ibi tí òun fúnra rẹ̀ fi òòlù tẹ̀ wọnú lọ́jọ́sí. Pọ́ǹpù àtijọ́ ni.

"Ta ló dá èyí padà síbí?"

"Ọ̀rẹ́ yín ni," ni Ìyá wí. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀."

"Ajá àdúgbò ńkọ́? Ẹ fi tó òun náà létí?"

"Bàbá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọmọ ará ilé kejì. Ẹ ò rí i. A sọ fún yín pé ojú yín kò ríran dáadáa mọ́, ẹ ní dígí ló dọ̀tí. A fọ dígí, ẹ ní oòrùn ni."

"Ẹ wá dìtẹ̀ mọ́ mi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo ní kí o bá mi fi ojú rẹ wò ó, o wá fi ojú náà purọ́ fún mi."

Ìyá wọlé, ó gbé pọ́ǹpù tuntun jáde látinú àpótí aṣọ rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ fi í sí i. N ò ní purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n n ò ní bá yín jókòó nínú ẹ̀."

Ó fi í sí i. Ọwọ́ kan péré ló fi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbà. Ó wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì, ó yọ orí. Òpópónà rí bí ìgbà tí kùrukùru bá bò ó.

"Ìyá, ọ̀nà ṣófo?"

"Kò ṣófo. Nǹkan ń bọ̀."

Ó wò títí, kò rí nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, bí obìnrin yìí bá ní òjò ń bọ̀, yóò ká aṣọ láìwo ojú ọ̀run. Lónìí, kò mọ̀ bóyá irọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò tẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó pa ẹ́ńjìnnì kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Kẹ̀kẹ́ kan sá fìrì kọjá níwájú ọkọ̀, ó kù díẹ̀ kó kàn án.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá!" ni ẹni tó gùn ún kígbe.

Òótọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ yìí dun Bàbá ju irọ́ rẹ̀ lọ. Ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bàbá di ìdarí ọkọ̀ mú, kò jẹ́ sọ̀kalẹ̀.