Ọ̀jọ̀gbọ́n Jìbìtì ti Missouri City

Ẹ bá mi kí ọkọ mi, Ùsáínì. Òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa nípa jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo Missouri City, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, mọ́ṣáláṣí gbé máìkì fún un kó ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń dá ímeèlì àwọn gbájúẹ̀ mọ̀. Ó ní ká máa wo àdírẹ́sì ẹni tó kọ̀wé dáadáa, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Ó ní ẹni tó bá ń kán wa lójú torí owó, ká sá fún un. Bí wọ́n bá ní àkáǹtì ti yí padà, ká pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá ní ta ló tiẹ̀ fẹ́ lu ọmọ Nàìjíríà ní jìbìtì, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni? Gbogbo mọ́ṣáláṣí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọkọ mi kúkú ni.

Lọ́dún yìí, a fẹ́ rán ìyá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀dọ̀ wa ni Màámi ń gbé, ọdún mẹ́rin la sì fi tọ́jú owó náà. Wọ́n ti ra aṣọ funfun, wọ́n ti pe gbogbo Ìwó lórí fóònù, àwọn kan tiẹ̀ ti ń pè wọ́n ní Alhaja. Alhaji Hameed, àgbà wa tó wà ní Rosenberg, ni wọ́n ń bá ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa ṣètò ìrìn-àjò náà. Ùsáínì ni akọ̀wé.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan, mo bá a nídìí láptọ́ọ̀pù, ó fẹ́ tẹ owó náà ránṣẹ́. Ó ní Alhaji kọ ímeèlì lánàá pé àkáǹtì ẹgbẹ́ ti yí padà, kí oníkálukú sanwó kó tó di aago márùn-ún òní, kí ààyè má bàa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo yọjú wo lẹ́tà náà. Kò sí ìkíni kankan níbẹ̀. Alhaji Hameed kẹ̀! Àwọn tí wọn kì í béèrè omi mímu láìkọ́kọ́ béèrè orúnkún ìyá mi, iṣẹ́ mi, àwọn ọmọ, àti ìyàwó àbúrò mi tó bímọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní kó pè wọ́n.

Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. "Kí n pe àgbàlagbà, kí n máa bi wọ́n bóyá àwọn gan-an ni wọ́n kọ̀wé? Kí ló wá kù ju kí n pè wọ́n lólè lọ?"

Ẹ gbọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò bá a jiyàn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà dání, mo gba gáréèjì lọ, mo pe Alhaji pé mo kàn ní kí n kí wọn ni. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko la fi kí ara wa, èmi lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n rán ọkọ mi létí pé kó mú ṣẹ́ẹ̀kì dání bó bá ń bọ̀ ní Jímọ̀. Mo béèrè àkáǹtì tuntun. Wọ́n ní àkáǹtì wo?

Mo sáré wọlé, mo ń retí ọpẹ́. Ùsáínì di orí mú. Ó ní láti àná lòun ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Òun tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i lórí: "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè sanwó."

A bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run ṣàánú wa, ọ̀pọ̀ wọn kì í ka ímeèlì ẹgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti sanwó láàárọ̀: Ummulkhair, opó tó ń ṣiṣẹ́ ní daycare kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, ní àdúgbò Fondren Southwest. Ó ní òun fura díẹ̀, àmọ́ bí òun ṣe rí orúkọ Bùrọ̀dá Ùsáínì, ọkàn òun balẹ̀. Báńkì ní àwọn máa gbìyànjú láti gbà á padà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní owó ti lọ.

Ní Jímọ̀, Ùsáínì mú ṣẹ́ẹ̀kì lọ fún Alhaji lóòótọ́. Owó Màámi ló fi san ààyè Ummulkhair. Inú bí mi, orí mi sì tún wú nítorí ẹ̀, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó wá ku Màámi. Aṣọ funfun yẹn ni wọ́n ń lọ̀ ní pálọ̀ nígbà tí Ùsáínì dọ̀bálẹ̀, tó rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù nínú iná.

"Ùsáínì, tó o bá pe Alhaji, ṣé wọ́n máa nà ẹ́ ni?"

Ó ní rárá, Mà.

"Kí ló wá dé tí o ò pè wọ́n?"

Màámi ká aṣọ náà, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn fi sínú àpótí.