Ìpè Mẹ́ta

"Nimotalahi," ni Àdíját pè láti ojú fèrèsé. "Ìyá Fáìzàh."

Ohùn rẹ̀ kò kọjá irin ojú fèrèsé náà. Lábẹ́ igi furúùtù inú ọgbà ilé ìwòsàn, obìnrin tí ó ń pè kẹ̀yìn sí i, ó ń fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ọyún tó ń ṣàn láti etí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ tó gbé lé itan. Baba arúgbó kan tó wá wẹ egbò ẹsẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì. Kò tún sí ẹlòmíì níbẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ tiwọn náà ti wọlé lọ.

"Nimotalahi," ó pè lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ètè rẹ̀ nìkan ló mì.

Ó wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Ó rí bí ó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí etí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kí ọmọ tó mu ún. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta nínú ikùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú báírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá iwájú rẹ̀ pé: "A pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò jẹ́ ìpè."

Àdíját mọ̀ pé Nimotalahi kì í gbọ́ràn dáadáa. Òun gan-an ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni obìnrin náà kọ́kọ́ ti Ìwòpin létí ọ̀sà dé Ilé Ìwòsàn Ìfẹ́dàpọ̀ ní Òkè-Àgbò. Opó ni, ẹja ló ń yan tà. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wọ̀ kí ó tó dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ lẹ́yìn, òórùn èéfín lára. Bí Àdíját ṣe ń gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá tí gbogbo wọn ń pè ní Rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ṣàkíyèsí pé kì í wo ojú òun bí òun bá ń sọ̀rọ̀. Ẹnu òun ló ń wò.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni Nimotalahi wí. "Etí tèmi náà ti dí. Bí ti Fáìzàh yìí ló ṣe mí ní kékeré. Wọ́n ń rọ àdí sí i, wọ́n ń rọ àdí sí i, títí ó fi di báyìí. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá ti rí ẹnu yín, mo ti gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ kàn na ọwọ́ sí mi."

Àdíját rẹ́rìn-ín. Ó fa báírò pupa yọ, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ náà pé: "Ìyá rẹ̀ kì í gbọ́ràn dáadáa. Ẹ na ọwọ́ sí i." Ó sọ ohun tí òun kọ fún ìyá náà. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rọrùn láti jẹ́ èèyàn dáadáa nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán ni wò.

Dókítà Ernest, oníṣẹ́ abẹ etí tó máa ń ti Ìbàdàn wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, tan iná sínú etí Fáìzàh. Ó ní omi ti dúró sẹ́yìn awọ inú etí ọmọ náà, pé òun ló ń di ọyún ní gbogbo ìgbà, òun náà ni kò sì jẹ́ kí ó tíì máa pe ìyá rẹ̀ ní "Máámi". Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Yóò lu ihò bíńtín sí awọ náà, yóò fa omi náà jáde, yóò wá ki róbà kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì bọ ojú ihò kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn kan lókè òkun ló ń fi róbà náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́jọ péré ló máa ń tẹ dókítà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Méjì-méjì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ọmọ mẹ́rin péré ló lè rí i gbà.

"Ti ọmọ Ìwòpin yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀ o," dókítà sọ fún Àdíját. "Ọyún náà ti ń sún mọ́ eegun ẹ̀yìn etí. Tó bá wọ ibẹ̀ tán, ọpọlọ ló kàn."

Àdíját kọ ọ́ sí ipò kìn-ín-ní. Ibẹ̀ ló wà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí Alàgbà Hezekiah, akọ̀wé àgbà ilé ìwòsàn, ránṣẹ́ pè é.

"Àdíját, ọmọ mi," ni alàgbà wí. "Ọdún kélòó lo ti ń ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ níbí?"

"Ọdún kẹfà rè é, sà."

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́ lóòótọ́." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọmọ ọmọ alága ìgbìmọ̀ wa kan wà, Ànúolúwa. Bí ọ̀fìnkìn bá mú un, etí a máa dùn ún. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí dókítà bá a fi róbà yẹn sí i lọ́la, torí wọ́n fẹ́ rìnrìn àjò."

"Àwọn mẹ́rin ti pé, sà."

"Mo mọ̀. Ṣé mo ní kí o yọ ẹnikẹ́ni ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin wa náà ni òfin wa, ìpè mẹ́ta. Ẹni tí kò bá jẹ́ ìpè, ó ti yọ̀ǹda àyè nìyẹn." Ó dá gíláàsì náà padà sójú, ó fi ìka kan ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀. "Ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ rè é. Ọlọ́run á ṣe é."

Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú wọn kì í sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n á jù ú sílẹ̀, bí o bá mú un tán, wọ́n á ní ìwọ lo mú un.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ṣe mọ́, tí Àdíját fi pe ẹni tí kò gbọ́ràn ní ohùn tí ẹni tó gbọ́ràn pàápàá kò lè gbọ́.

"Ọmọ Ìwòpin ńkọ́?" dókítà bèèrè, ìbọ̀wọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"A pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sà. Kò jẹ́. Bóyá wọ́n wá oúnjẹ lọ."

Dókítà mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti Ànúolúwa. Ọkọ̀ ti ń dúró láti gbé e padà sí Ìbàdàn.

Ìgbà tí Nimotalahi rí ọmọ kẹrin tí wọ́n gbé jáde ló tó dìde. Ó wá sí ojú fèrèsé, Fáìzàh ti sùn lọ sí èjìká rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ó ti kàn wá?"

Àdíját gbé ojú sókè kí ó lè rí ẹnu òun. "A ti pè yín. Ẹ ò dáhùn."

"Lẹ́ẹ̀sí pè mí?"

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Àdíját ń retí kí ó pariwo, kí ó bi òun pé ọwọ́ tí òun ní òun ó nà dà. Ó ti kó irọ́ jọ sẹ́nu dè é. Ṣùgbọ́n Nimotalahi kàn bojú wẹ̀yìn wo bẹ́ǹṣì tó jókòó sí, ó wo fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé etí ara rẹ̀.

"Mo kẹ̀yìn síbí," ó wí. "Yéè, mo kẹ̀yìn síbí." Ó gbá etí náà, gbàá, bí ẹni ń gbá ọmọ aláìgbọràn.

"Ẹ padà wá lóṣù mẹ́ta," ni Àdíját wí, ó sì ti fèrèsé.

Oṣù mẹ́ta pé, Nimotalahi kò wá. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ Àdíját jáde. Ọkọ rẹ̀, Mùbàṣírù tó ń lagi, pa adìyẹ méjì, wọ́n sì ṣe àdúrà. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń wí pé "Àmín", Àdíját ń wo ẹnu wọn.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìpè ti dà á láàmú. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn náà, tíṣà a sì máa pe orúkọ láràárọ̀. Bí ọmọ kan kò bá dáhùn, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bíńtín bá wà kí tíṣà tó pe orúkọ mìíràn, ọwọ́ Àdíját a dúró lórí ìwé. Lọ́jọ́ kan, ó pe Ìdrís, ọmọ bíbí inú rẹ̀, nínú ilé, kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kí ó tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ìkòkò ọbẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni ọmọ náà ń gbá lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rù ń ba Àdíját, ẹ̀rù tí kò ṣeé sọ fún ọkọ.

Lẹ́nu iṣẹ́, ó di ẹni tó ń fi igbe pe orúkọ. Bí ó bá pe aláìsàn kan, wọ́n á gbọ́ ọ dé ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ sọ ọ́ ní Gbohùngbohùn. Mùbàṣírù náà ní ẹ̀rọ ìlagi tòun kì í pariwo tó o. Àdíját a bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun búburú a máa yọ́ni ṣe. Àdíját mọ òwe náà láti kékeré, ó sì ń dúró de ohun búburú náà, kò mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé.

Ojú fèrèsé ló gbà wọlé, ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ọdún méjì.

"Àǹtí Àdíját! Ẹ ti gbàgbé mi."

Òórùn èéfín ló kọ́kọ́ dé. Nimotalahi ti rù, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé àpò ọ̀rá kan lé ojú fèrèsé, ẹja yíyan ló kún inú rẹ̀.

"Tiyín ni," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa na ọwọ́ sí mi. Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi rí. Mi ò kírun kí n má dárúkọ yín."

Àdíját kò lè fọwọ́ kan àpò náà. "Fáìzàh ńkọ́?"

"Òun ló ń ṣeré lẹ́bàá ẹ̀rọ omi yẹn. Alhamdulilahi, ó yè." Ó wá sọ bí ó ṣe jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, ẹ̀yìn etí ọmọ náà wú, ara rẹ̀ gbóná janjan, ọrùn rẹ̀ gan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi mọ èèyàn. Nígbà tó la ojú, wọ́n yọ̀, wọ́n jó. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé etí méjèèjì ti lọ pátápátá. "Tèmi ṣì ń gbọ́ díẹ̀, Àǹtí. Tirẹ̀, kódà àrá, kò gbọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ti fẹ́ gbà á. Wọ́n ní kí n gba lẹ́tà wá láti ibi tí a ti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀."

Àdíját gbé ìwé ńlá ọdún náà sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ojú ewé náà láìwá a.

"Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo fi etí mi pa etí ọmọ òun," Nimotalahi ń wí lọ. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ká ní mo kọjú síbí lọ́jọ́ yẹn ni. Ìpè mẹ́ta, Àǹtí. Ó yẹ kí n gbọ́ ẹyọ kan."

Lórí ìlà kan ṣoṣo, pupa wà níbẹ̀, búlúù wà níbẹ̀, ọwọ́ Àdíját ló kọ méjèèjì. Ó tẹ orí ba sórí ìwé náà.

"Mi ò pè yín," ó wí. "Mo ṣe bí ẹni tó pè yín ni. Wọ́n fún mi níṣẹ́ nítorí rẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ rè é tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sì ga ju bí ó ṣe pe obìnrin náà lọ́jọ́sí.

"Kí lẹ wí, Àǹtí?" Nimotalahi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú láàárín irin fèrèsé, ó ń wá ẹnu rẹ̀.

Àdíját gbé orí sókè. Ojú obìnrin náà bà sórí ètè rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń retí. Nínú yàrá kejì, Alàgbà Hezekiah wúkọ́.

"Mo ní kí ọmọ náà wá," ni Àdíját wí. "Dókítà gbọ́dọ̀ rí i kí ó tó fọwọ́ sí lẹ́tà."

Kò mọ ìgbà tó dìde. Kò mọ ìgbà tó la ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún méjì.

"Fáìzàh!"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló bojú wẹ̀yìn.

"Fáìzàh!"

Aṣọ́bodè yọjú láti ẹnu géètì. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sá. Níkẹ́ sáré jáde láti wọ́ọ̀dù, ó ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn Àdíját já lójú ọ̀nà. Lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ọmọbìnrin kékeré kan kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó ń da omi láti inú ife kan sínú òmíràn, ó fara balẹ̀, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò.

Nimotalahi na ọwọ́ láàárín irin fèrèsé, ó rọra fi kan ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ìtìjú wà lójú rẹ̀, bíi ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò kí àgbà.

"Ẹ má bínú sí i, Àǹtí," ó wí. "Èmi ló jọ."