Ẹ̀wù Tí Òkun Ò Rí Gbé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń yan ẹja lọ́wọ́, ẹ yọ igi lábẹ́ ẹ̀ ná kó má baà jóná, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ó dùn, ó tún kan. Obìnrin kan ló bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọkùnrin lójú gbogbo ayé, lórí afárá, nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ jẹun alẹ́. Kì í kúkú ṣe ọkọ ẹ̀! Àǹtí bàbá mi wà níbẹ̀, ó gbé àwo oúnjẹ tiẹ̀ dání, òun ló sọ ọ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti gbóná.

"Ẹ bọ́ ọ! Mo ní kí ẹ bọ́ ọ!"

Fẹ́yìsetán ló ń pariwo báyẹn. Ó ti di ọrùn ẹ̀wù Sólómọ́nì, apẹja kan, mú, ó ń fà á, pákó afárá ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn sì ti dúró nítorí kò sáyè láti kọjá.

"Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé ara yín yá?" ni Sólómọ́nì bi í.

"Ara mi ò yá! Ẹ̀wù ọkọ mi lẹ wọ̀ yẹn. Ẹ wo òwú pupa lára àpò ẹ̀. Ìwọ̀ ẹja ló fà á ya, ọwọ́ èmi yìí ni mo fi rán an!"

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o," obìnrin kan ní.

"Sólómọ́nì, tètè bọ́ ọ," ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn, "kó má baà kan ṣòkòtò!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sólómọ́nì ò rẹ́rìn-ín, kò sì jà. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ fún. Fẹ́yìsetán fà á, ejìká ẹ̀wù fà ya, ó já a gbà. Ó dì í mọ́ àyà, ó sáré gba àárín àwọn èèyàn kọjá. Sólómọ́nì dúró síbẹ̀ láìwọ ẹ̀wù, ó ń wo omi tó wà lábẹ́ afárá.

Ẹ dúró ná, kí n là á yé ẹni tí kò mọ ayé ìgbà yẹn. Nígbà yẹn, inú ìkòkò kan ni gbogbo Ayétòrò, ìlú àwọn onígbàgbọ́ tó wà létí òkun, ti ń jẹun. Apẹja tó bá pẹja, ìlú ló pa á fún. Ẹni tó ń hun aṣọ, ìlú ló ń hun ún fún. Kò sí ẹni tó ń sọ pé tèmi, tìrẹ. Aṣọ tó bá dọ̀tí, wọ́n á kó o lọ sílé ìfọṣọ. Èyí tí ò bá ní ẹni tó ń wọ̀ ọ́ mọ́, ilé aṣọ ló ń lọ, ẹni tí tiẹ̀ bá ti gbó á lọ gbà á níbẹ̀. Kò sí ìkà nínú ẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn nìyẹn.

Ọlọ́rundáre, ọkọ Fẹ́yìsetán, apẹja ni. Ìgbì ló dojú ọkọ̀ wọn dé nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sí èbúté. Àwọn tó kù lúwẹ̀ẹ́ jáde, òun ò jáde. Wọ́n wá a títí dé apá ìlú Zion Pepe, wọn ò rí òkú ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ̀wù ẹ̀ wà lórí okùn ilé ìfọṣọ, ó ń gbẹ. Nígbà tí àwọn èèyàn ti bá a sunkún tán, àwọn afọṣọ ká a, wọ́n kó o lọ sílé aṣọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Láti ìgbà yẹn ni Fẹ́yìsetán ò ti lè jókòó. Á lọ sílé ìdáná, á gba ọ̀bẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpẹ́ ẹja, kó tó ha ọ̀kan tán, ó ti dìde. Á lọ sílé ìránṣọ níbi iṣẹ́ ẹ̀, á fi òwú sábẹ́rẹ́, á fi í sílẹ̀. Á rin afárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á tún padà, bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ní ìsìn, ẹnu ẹ̀ ń bá wọn kọrin, àmọ́ tí wọ́n bá ní ká gbàdúrà, kò rí nǹkan kan sọ. Ẹ wò ó, òótọ́ ibẹ̀ nìyí: láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Ọlọ́rundáre wá sí Ayétòrò, ọkọ ló ń gbàdúrà fún àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju àmín lọ. Aládùúrà wá lọ. Ta ló tún fẹ́ ṣe àmín sí?

Nígbà tó gbé ẹ̀wù náà dé yàrá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá ẹ̀ ti ń dúró dè é. Jọọlá lorúkọ màmá yẹn, ìlú Mahintedo ló ti wá. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọkọ̀ ẹ̀ so mọ́ òpó lápá odò, torí àtimú ọmọ ẹ̀ lọ sílé ló ṣe wá.

"O rí i gbà?"

"Mo rí i gbà, Yèyé."

"O ṣe é! Ó tó bẹ́ẹ̀. Di ẹrù ẹ. Nílé wa, ẹni tí omi bá gbé tá ò rí i, ẹ̀wù ẹ̀ là ń sin. Tá a bá ti sin ín, ọkàn ẹ á balẹ̀, ọkàn òun náà á balẹ̀." Ó gba ẹ̀wù náà, ó wo ibi tó ya, ó pòṣé. "Ìlú wo nìyí ná? Ọkọ ò sí, ọmọ ò sí, ìkòkò tìẹ gan-an ò sí. Kí lo tún ń ṣe níbí?"

"Ọlọ́run wà níbí, Yèyé."

"Ṣé wọ́n lé e ní Mahintedo ni?"

 Fẹ́yìsetán gba ẹ̀wù náà padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká inú yàrá.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí Màmá Rhoda, olórí ilé aṣọ, fi kanlẹ̀kùn. Màmá yìí sanra díẹ̀, ohùn ẹ̀ tutù. Ó kí Jọọlá, "Ẹ kú àlejò wa o."

"Ẹ ti wá gbà á, àbí?" Jọọlá ti dìde. "Ẹ kọ́kọ́ pa mí ná!"

"Rárá o, ìyá. Ẹ fi ara balẹ̀." Ó kọjú sí Fẹ́yìsetán. "Ọmọ mi, ẹ̀wù ìlú ni lóòótọ́. Àmọ́ ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ọ́ kí n tó jẹ́ kó jáde. N ò bi ọ́. Má bínú. Tó o bá fẹ́ mú un lọ, mú un, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ. Èmi kọ́ ni mo fà á yọ fún Sólómọ́nì. Òun ló wá bèèrè ẹ̀. Mo fún un ní òmíràn tó dáa jù ú lọ, ó ní eléyìí lòun fẹ́."

"Èèmọ̀!" ni Jọọlá wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí Fẹ́yìsetán ti ń wá Sólómọ́nì kiri. Ẹ̀yìn ilé àwọ̀n ló ti rí i, ó jókòó sáàárín àwọn ìyá arúgbó, ó ń bá wọn dí ojú àwọ̀n tó ya. Ó rí Fẹ́yìsetán, ó dìde, wọ́n kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìyá náà díẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ máa bèèrè ẹ̀wù òkú?"

"Ìyàwó, ẹ jókòó."

"N ò jókòó! Ẹ dá mi lóhùn."

Sólómọ́nì nu ọwọ́ lára ṣòkòtò ẹ̀. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé inú ọkọ̀ yẹn lèmi náà wà. Èmi ni ọkọ yín di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo fà á. Ọwọ́ wa ń yọ̀. Mo fà á títí, ìgbì míì dé, mo wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó na ọwọ́ náà síwájú. "Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ọkọ̀, orúnkún mi á máa gbọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti sọ mí ní Ìyá Aláwọ̀n. Mo wá rò ó pé, ọkọ yín kì í bẹ̀rù omi. Mo ní bóyá tí mo bá wọ ẹ̀wù ẹ̀, bóyá ìgboyà yẹn ṣì kù díẹ̀ lára ẹ̀."

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Ẹ̀n?"

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Àná ni mo ti ń gbóòórùn ẹ̀. Mo gbóòórùn ọrùn ẹ̀, mo gbóòórùn abíyá ẹ̀. Ọṣẹ nìkan ló ń rùn." Ó mi orí. "Ọlọ́rundáre ò sí níbẹ̀ rárá."

 Lẹ́yìn náà ni Fẹ́yìsetán béèrè ohun tí kò tíì bi ẹnikẹ́ni látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. "Nígbà tó di ọwọ́ yín mú, ṣé ó sọ nǹkan kan?"

"Ó ń gbàdúrà."

"Kí ló sọ?"

"Orúkọ yín ló ń dá. Ó ní, 'Olúwa, bá mi mójú tó Fẹ́yìsetán.' Ó tún un sọ. Kò dárúkọ ara ẹ̀ rárá, mo dúró kó dárúkọ ara ẹ̀, kò dárúkọ ara ẹ̀."

 Fẹ́yìsetán wí jẹ́jẹ́ pé, "Àmín."

Àǹtí bàbá mi ní tí ẹ bá bi òun, òun á ní ọjọ́ yẹn gan-an ni obìnrin yẹn di onígbàgbọ́. Kì í ṣe ọjọ́ tó wọ Ayétòrò, kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó padà lọ sílé ìránṣọ, ó rán ejìká ẹ̀wù náà, kò dìde títí ó fi rán an tán. Nígbà tí àwọn apẹja ń ti ọkọ̀ bọ omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n rí i tó gbé ẹ̀wù náà dání, tó ń bọ̀ lórí iyanrìn. Sólómọ́nì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó di etí ẹ̀ mú, kò wọlé, kò padà sẹ́yìn.

"Ẹ wọ̀ ọ́," Fẹ́yìsetán ní. "Kì í ṣe pé ó máa gbà yín lọ́wọ́ omi o. Torí òtútù ni." Sólómọ́nì gbà á, ó wọ̀ ọ́.

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, olórí ọkọ̀ wò ó, ó pa ẹnu dé. Olórí ọkọ̀ náà ló máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó lọ. Ó ti ń ṣí fìlà, àfi bí Fẹ́yìsetán ṣe gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ tó pa ojú dé.

"Olúwa, Bọ̀ọ̀dá Sólómọ́nì rèé. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. O mú ọ̀kan lọ, n ò mọ ìdí ẹ̀, n ò ní purọ́ fún ọ, inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ n ò ní ẹlòmíì tí mo lè bá sọ ọ́. Wọ inú ọkọ̀ yìí pẹ̀lú wọn. Dá wọn padà fún wa."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí. Sólómọ́nì gbẹ́sẹ̀ kan wọlé. Orúnkún ẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo èèyàn rí i. Ó gbẹ́sẹ̀ kejì wọlé. Wọ́n ti ọkọ̀, ìgbì gbé imú ẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n kọjá.

Jọọlá ti dúró lẹ́yìn ọmọ ẹ̀, ó ti so gèlè mọ́ ìbàdí.

"O gbé e fún un. Ẹ̀wù tó yẹ ká sin."

"Mo gbé e fún un, Yèyé."

"Èmi ò bá ẹ jà. Ẹrù ẹ ti wà nínú ọkọ̀ lápá odò. Omi ń fà lọ, jẹ́ ká tètè máa lọ kó tó gbẹ."

Fẹ́yìsetán ń wo ojú òkun níbi tí ọkọ̀ ti ń kéré lọ. Ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Yèyé, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn padà dé ná."

Jọọlá wo òkun, ó wo ọmọ ẹ̀, ó wo ọ̀nà odò. Nígbà tó ṣe, ó tú gèlè ìbàdí ẹ̀, ó tẹ́ ẹ, òun náà jókòó.

Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló kù lára ọkọ yín, kò sí sàréè tẹ́ ẹ lè lọ wò, màmá yín sì ti di ẹrù yín sínú ọkọ̀. Ṣé ẹ máa sin ẹ̀wù yẹn ni, àbí ẹ máa gbé e wọ ọkùnrin tí ọwọ́ ọkọ yín yọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tún wá jókòó máa dúró de ọkọ̀?