Nọ́ńbà Tí Ẹ̀gbọ́n Fi Sílẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ̀rọ yìí. Ó ń mí sí mi létí bí èèyàn." Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó atúnkọ̀ǹpútàṣe dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ lórí oyún.

Ọkọ rẹ̀ kò yíjú. "Ó ku díẹ̀."

"Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀, láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n yín! Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Yàrá wo lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí sùn sí?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, olùkọ́ ìṣirò, ló gbé kọ̀ǹpútà náà sí yàrá kan ṣoṣo tó ṣófo nílé wọn kó tó kú lójijì. Nọ́ńbà kan ni ẹ̀rọ náà ń yẹ̀ wò, èyí tó gùn débi pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tí wọ́n sì to bébà náà léra, á ga dé àjà. Ẹ̀gbọ́n ní ọkàn òun sọ fún òun pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi ọ̀kan àti nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. "Àkàndá ni," ló máa ń wí, "kò gba ìpín." Ẹ̀rọ náà ń ṣírò lọ ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé ẹni tó rán òun níṣẹ́ ti lọ.

Màmá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló wá sọ ọ́ di nǹkan míì. Tó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á wá jókòó ti ẹ̀rọ náà, á gbé ọwọ́ lé e. "Ara rẹ̀ ṣì gbóná," á ní. Nígbà míì wọ́n á gbọ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀, á dákẹ́, á tún rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn. Orí ìyàwó á sì wú.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ìdáhùn ń ba àbúrò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì ń ṣírò, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kò tíì parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ariwo ẹ̀rọ náà ṣàdédé pa lọ́lọ́. Màmá pariwo: "Ẹ wá wò ó o, ó ti dákẹ́!"

Àbúrò wọlé, ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó tún un kà. Ó lè purọ́. Ta ni ìbá mọ̀? Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, olùkọ́ wa gba òdo lónìí." Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Nọ́ńbà náà ṣeé pín."

"Kí ló pín in?"

"Ẹ̀rọ ò mọ̀. Ìṣirò tó ṣe kì í wá ohun tó pín in, ó kàn ń fi hàn pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó lè pín in. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ nǹkan náà láé."

Ìyá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà wí fún mi," ó ní jẹ́ẹ́. "Pé nǹkan kan wà nínú ọmọ mi, àwọn ò mọ ohun tó jẹ́."

Ìyàwó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n.

"Ṣé nọ́ńbà míì wà tó o lè fún un?" ni ìyá béèrè.

"Ó wà, Màámi. Wọn ò lópin."

Ìyá wo ikùn aya ọmọ rẹ̀, ó mi orí. "Má fún un ní òmíràn."

Ó dìde, ó ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí ibùsùn ọmọ máa wà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn níbẹ̀.