Kí-ló-dé Kẹrin

"Pa wọ́n rẹ́," ni olùkọ́ wí, ó sì na ọwọ́ sí ojú pátákó. "Àwọn opó kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn."

Ọmọbìnrin tó dúró níwájú pátákó náà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ atúpalẹ̀ ni, iṣẹ́ àwọn tí iléeṣẹ́ máa ń pè kí wọ́n wá wo ibi tí nǹkan ti wọ́, kí wọ́n sì sọ bí yóò ṣe tọ́. Olùkọ́ yìí gan-an ló kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kó o bi wọ́n léèrè. Má ṣe da ohun tí oníbàárà fẹ́ pọ̀ mọ́ ohun tó nílò. Kó o sì máa bi "kí ló dé" títí wàá fi kan gbòǹgbò. Torí èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kí-ló-dé, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká kọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, sà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló pè wá síṣẹ́?"

"Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ilé ni."

"Ta ló máa sọ pé iṣẹ́ wa dára tàbí kò dára?"

"Àwọn náà ni, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Iléeṣẹ́ ilé yìí ló ń bójú tó ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ rà. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń wá gba ìwé ilé. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni opó ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n ti fẹ̀yìn ti ògiri pẹ́ débi pé òróró orí wọn ti ya àmì sára ọ̀dà. Ìgbà tó di pé àwọn àlejò pàtàkì ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá láàárín wọn ni ọ̀gá àgbà tó fi ìbínú sọ pé, "Mi ò fẹ́ rí èrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi mọ́." Gbólóhùn yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Ọ̀gá Kí-ló-dé.

Ọmọbìnrin náà ti lọ síbẹ̀. Ó jókòó ti ìyàwó dírẹ́bà kan lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún.

"Ọmọ mi, ibí ni mo ti ń ṣọ̀fọ̀ báyìí," ni obìnrin náà wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ilé ò rọgbọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní obìnrin kì í jogún ilé, kí n kó ọmọ mi lọ sílé bàbá mi. Ìwé yẹn nìkan ló lè pa á lẹ́nu mọ́."

"Kí ló dé tí wọn ò tíì fún yín, mà?"

"Wọn ò tíì buwọ́ lù ú."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó ń buwọ́ lù ú kì í rí ìwé ẹni tí kò bá rí òun. Ṣó yé ẹ?"

Ó yé e. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, èrò bẹ́ǹṣì ti sọ ìyókù fún un. Ó wá tò ó síwájú olùkọ́ rẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Kí ló dé tí èrò fi pọ̀? Ìwé ń pẹ́. Kí ló dé tó ń pẹ́? Ó ń sùn sórí tábìlì kan. Kí ló dé? Oní-tábìlì ń retí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò mú un? Àbúrò ìyàwó ọ̀gá àgbà ni.

Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Orí ẹ pé. Ṣùgbọ́n kí-ló-dé kẹrin máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni ni."

"Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ bi àwọn opó bóyá àtúnṣe wa máa bá wọn lára mu, sà."

"Atúpalẹ̀ lo fẹ́ dà ni, àbí agbẹjọ́rò?"

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọbìnrin yìí ti ń wáṣẹ́ kiri, ọwọ́ olùkọ́ yìí sì ni iṣẹ́ wà. Ó mú aṣọ ìnupátákó, ó pa àwọn opó rẹ́.

Àtúnṣe wọn rọrùn. Kí opó kankan má wá mọ́. Kí oníkálùkù jókòó sílé, bó bá kan ìwé rẹ̀, wọ́n á pe nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì, ẹni tó bá gbé fóònù á wá gba ìwé. Láìpẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá páropáro. Wọ́n kun ògiri ní ọ̀dà tuntun, wọ́n gbé òdòdó sí ibi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àgbà bọ Ọ̀gá Kí-ló-dé lọ́wọ́, ó sì gba ọmọbìnrin náà síṣẹ́ níbẹ̀, pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ká sòótọ́, ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó dunni níbẹ̀ nìyẹn.

Ó wà nídìí iṣẹ́ lárọ̀ọ́ ọjọ́ kan nígbà tí ìyàwó dírẹ́bà já wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó ní ìwé wà lọ́wọ́ òun. Báwo ló ṣe débẹ̀?"

Akọ̀wé tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó. "A pè yín, màmá. Ọkùnrin kan ló gbé e. Ó ní ẹ ti lọ sílé bàbá yín. Ó wá síbí, ó rí ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé, wọ́n sì buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀."

"Nọ́ńbà wo lẹ pè?"

"Èyí tó wà nínú fáìlì ni."

"Fáìlì ọkọ mi! Nọ́ńbà ọkọ mi ló wà níbẹ̀! Òkú lẹ pè!" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọjọ́ tá a sin ín ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kó fóònù yẹn sápò." Ó wá rí ọmọbìnrin náà. "Ìwọ nìyí. O jókòó tì mí, ò ń bi mí ní kí ló dé, kí ló dé. Ṣé o ò lè bi mí pé ọwọ́ ta ni fóònù wà ni?"

Ojú gba ọmọbìnrin náà tì.

Gáàdì ló sún mọ́ wọn, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Wọn ò gbà kéèyàn dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ẹ máa lọ sílé, wọ́n á pè yín."

"Ilé wo?" ni obìnrin náà bi í.